Kasẹ Mẹ́fà

Àárín àpò òfìfo ló fi pamọ́ sí láti Kùtọnú,
ṣùgbọ́n kámíọ̀ kó sí kòtò méjì ní Ìdásà.
Nígbà tó tú u lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkó-kajú wa,
ó ti di èéfọ́ igbá, ọparun kan, okùn kan.

Èmi ń rán ẹnu àpò. Mo rò pé yóò bú awakọ̀.
Dátárámù kò bú ẹnikẹ́ni.
Ó ṣa èéfọ́ náà sínú fìlà rẹ̀
bí ẹni ń ṣa ẹyin adìyẹ tó yé sínú igbó,
ó jókòó ti òṣùwọ̀n,
kò wọn kajú fún ẹnikẹ́ni títí oòrùn fi kan àtàrí.

Mo bi í, kí lèyí? Ó na ìka kan: “Èk.”
Ó gbé okùn sókè: “Tárì.”
Okùn-kan. Orúkọ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó ní ní Fẹngúrúlà, létí òkun tiwọn,
bàbá òun a máa ta á bọ̀ láti oko kajú,
bẹ́ẹ̀ orin tó mọ̀ kò ju mẹ́rin.

Mo mú un lọ sílé Àwẹ̀ró, ìyá ìyá mi,
lábẹ́ òkè, níbi tí òjìji àpáta ti ń tètè bo àgbàlá.
Ó wá gbogbo àjà. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gba ọparun,
ẹ̀gúsí irúgbìn ló kún inú rẹ̀,
kasẹ mẹ́fà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
tí ìyá rẹ̀ fi gán an lọ́dún tí wọ́n bí i.

“Ṣé igbá wà nílùú wọn?”
Mo ní ó wà.
“Kí ló dé tí kò gbin tirẹ̀?”
Èyí ni mi ò túmọ̀.
Ó da ẹ̀gúsí sínú abọ́ onírin,
ó ní kó máa gbé e lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni awọ ewúrẹ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.
Nígbà tó ta á, kasẹ ń kùn lábẹ́ ohùn,
wíín, wíín,
bí oyin tó há sínú ìgò.
Mo ní ká fi àtè dí i. Ó mi orí.
Ó tún ta á, ó tẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ igbá.
Àwọn aláàárù jókòó sórí ẹrù.
Ọ̀kan ní, “Okùn kan péré? Mọlo bàbá mi ní mẹ́ta.”
Èkejì ní kó panu mọ́.

Kajú tán lóṣù Ebìbí. Òjò dé, àlejò lọ.
Àwẹ̀ró ń gbin ẹ̀gúsí látinú abọ́ onírin,
ó ń kùn pé irin ti sè é.
Lójijì ó nàró, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀:
“Ìyá mi gán an kó má baà jò ni.
Kò sọ fún mi pé ó lóhùn.”
Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní tèmi,
owó àpò mọ́kànlélógún ṣì wà lọ́rùn Dátárámù.