Òórùn Ilé Damira

Ní Náríìnì, níbi tí òkè oníyìnyín ti yí ìlú ká bí ọgbà,
ìyá àgbà kan ń bẹ ọ̀dùnkún lẹ́bàá sítóòfù.
Damira lorúkọ rẹ̀.
Kì í ṣe orúkọ òdòdó, kì í ṣe orúkọ ìyá bàbá rẹ̀.
Bàbá rẹ̀, darandaran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà,
ló rí i lára ògiri gbọ̀ngàn, nínú ọ̀dà pupa:
"Ẹ fún wa ní ìyípadà gbogbo ayé!"
Ó rẹ́ gbólóhùn náà bí ẹni ń rẹ́ irun àgùntàn,
ó fi èyí tó kù sọ ọmọ lórúkọ.

Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ni.
Tirẹ̀ ro ó.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ìborùn pupa,
kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bá òun lọ ọ́.
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó dìde láàárín èrò,
ó sọ ti Sagymbek aládùúgbò wọn,
tó fi abo ẹṣin kan pamọ́ fún ìjọba.
"Wọn ò fipá mú mi," ló wí. "Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.
Ẹnu mi ló sọ ọ́. Inú mi sì dùn."

Nígbà tó yá, ìjọba náà wó.
Wọ́n gbé ère kúrò níwájú, wọ́n gbé e sẹ́yìnkùlé.
Òpópónà gba orúkọ tuntun; Damira ò gbà.
Títí dòní, bí aago ilé-ìwé bá dún,
ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a ta pọ́n,
bí ajá tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú oorun.

Bekzat, ọmọ ọmọ rẹ̀, dé láti Mọ́sìkò, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Ẹ̀yin ni wọ́n rọ ìlànà-èrò sí lágbárí. Èmi ò ní irú ẹ̀.
Èmi lọ̀gá ara mi. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ á là;
ẹni tó bá tòṣì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á."
Aago márùn-ún ìdájí ló ń gun kẹ̀kẹ́,
ó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Ọjọ́ tó ṣubú lórí yìnyín, tí eegun apá rẹ̀ sán,
ó ní ẹ̀bi òun ni.

Damira gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.
"Ta ló kọ́ ẹ ní gbólóhùn yẹn?"
Ó ronú, ronú. Kò rí olùkọ́ kankan.
"Hẹn-ẹn. Èmi náà ò rí i nígbà náà."

"Lánàá tí o ṣílẹ̀kùn, òórùn kí lo gbọ́?"
"Ọ̀rá àgùntàn. Èéfín èédú. Wàrà kíkan."
"Nísinsìnyí ńkọ́?"
Ó fimú fa afẹ́fẹ́. Ó tún fà á.
Kò gbọ́ nǹkan kan.
"Èémí méjì péré ni, lẹ́nu ọ̀nà,
kí ilé tó tún gbà ọ́."

Omi hó. Wọ́n jẹun. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbẹ̀yìn Sagymbek.
Lóru, Bekzat jáde sínú òtútù láìwọ bàtà,
ó dúró títí etí rẹ̀ fi kú,
ó sì rọra ṣílẹ̀kùn,
ó ń wá òórùn náà.