Ìgò Mẹ́ta, Orúnkún Kan

Ní Òkè-Oyì, kí oòrùn tó gun orí páànù,
mo ti wọ ìbọ̀wọ́, mo ti ṣí àpótí
tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abẹ́ àgbébọ̀ tó sàba.
Ìgò mẹ́ta ló wà níbẹ̀.
Èkíní, mùdùnmúdùn eegun ìbàdí:
awakọ̀ kan láti Ọ̀fà ló fún wa,
ó payín keke nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé.
Èkejì, ọ̀rá ikùn ìyá kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún,
tó ní, "Ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ, mi ò bèèrè ṣéńjì."
Ẹ̀kẹta, ìwọ́ ọmọ tuntun, ọjọ́ Àlàmísì;
bàbá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ọkọ́:
"Mélòó lẹ máa mú? Èwo ni kí n rì mọ́lẹ̀?"

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ la ń wá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
èyí tí kò tíì pinnu ohun tí yóò dà,
bóyá eegun, bóyá ọ̀rá,
bóyá eegun rírọ̀ tó ń tẹ́ oríkèé bí ẹní.
Ti ìwọ́ ń pọ̀ bí eṣú: mo kà á lálẹ́,
ilẹ̀ mọ́, iye ti yí padà.
Ti mùdùnmúdùn ń fà díẹ̀díẹ̀,
ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ká di eegun,
kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ.
Ti ọ̀rá pọ̀, ó rọrùn rí, oníwàpẹ̀lẹ́ ni.
Dókítà Àjíbóyè fi bírò pupa fa ìlà sí i nínú ìwé mi:
"Ta ló kọ́ ẹ pé sẹ́ẹ̀lì ń níwà?"

Nírọ̀lẹ́ mo wọ Márúwá lọ sí Dada.
Ìyá mi àgbà, Sífáwù amọ̀kòkò, jókòó nínú ẹbu,
orúnkún ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó.
Mo ní, "Ìyá, nínú mẹ́ta yìí, èwo ló dáa jù?"
Ó bu amọ̀ sẹ́nu, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú nù.
"Èwo ló dáa jù fún kí ni?
Amọ̀ odò fún ìṣasùn, iná kì í là á.
Amọ̀ òkè fún àmù, ó ń làágùn, omi á tutù.
Ẹni tó ní ọ̀kan ló dáa jù,
àmù ẹ̀ á jò, ọbẹ̀ ẹ̀ á dànù."

Ó na ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ alámọ̀ ra orúnkún.
"Èwo wá ni tèmi?"

Ọkùnrin kan wà nítòsí Ọjà Ọba
tó ń ta sẹ́ẹ̀lì oníyẹ̀fun nínú páálí;
ó ní ó ń wo orúnkún, ó ń wo ojú,
ó ń wo ọkọ tí kì í tètè wọlé.
Èmi ò lè pa irú irọ́ yẹn
fún ẹni tó wẹ̀ mí ní kékeré.
Mo ní, "A ò tíì mọ̀, Ìyá. Ó ku díẹ̀."
Mo tún un sọ: "Ó lè ku púpọ̀."

Ó mi orí, ó padà sídìí amọ̀.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
"Ọmọ tó ni ìwọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn?"
Mo fi ìka ṣírò oṣù.
Ó yẹ kó ti máa rìn.