Ọ́ìlì Náà Fẹ́ Atẹ́gùn

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Pijó yìí fi wà nílé wa.
Bàbá mi rà á nígbà tí ọ̀dà títì Kábà ṣì ń rùn.
Ó kó iṣu, ó kó ìyàwó, ó kó òkú,
kò kó ìtìjú rí.

Ṣùgbọ́n láti èṣí,
bí mo bá di ẹrù láti Ìyàrà,
tí mo dé ibi tí títì ti ń gun òkè,
iná pupa kékeré á ṣẹ́jú sí mi lẹ́yìn ìdarí:
á ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́,
bí ọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín àgbà.
Màá páàkì lábẹ́ igi igbá, màá dúró kí ó tutù.

Omi rẹdíétọ̀ ò hó. Mo wò ó, mo tún un wò.
Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ:
ó ń ṣàn bí omi ẹ̀wà,
ó dúdú, ó gbóná, kò lẹ̀ mọ́ irin mọ́.

Medáyédù wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé,
ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí.
Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀:
"Omi lẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ. Ó ní fáànù, ó ní ojú fèrèsé níwájú.
Ọ́ìlì ń kọ́? Òun ló ń wọ gbogbo oríkèé,
òun ló ń là wọ́n níjà, irin àti irin, kí wọ́n má jẹ ara wọn,
kò sí ẹni tó bi í pé ṣé ooru ò mú ọ."

Ó ní ká wá rẹdíétọ̀ tirẹ̀ fún un,
èyí tó kéré, tó pẹlẹbẹ bí ìwé orin,
ká so ó síwájú tomi,
họ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀.

Mo rántí Bàbá.
"Ohun tí àwọn Faransé ò fi sí i, èmi ò ní fi sí i."
Rédíò pàápàá, kò gbà.
Mo dúró ti bọ́ńẹ́ẹ̀tì, mi ò lè fèsì,
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún òbí rẹ̀
tí wọ́n ní kó wá fọwọ́ síwèé.

Mo fọwọ́ sí i.

Ara Bẹ́ńsì kan tí tírélà sìmẹ́ńtì tẹ̀ lójú ọ̀nà Ọbájánà
la ti rí i. Medáyédù fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dẹtí.
Iyanrìn jáde. Kòkòrò jáde.
"Bí ìdọ̀tí olóògbé bá wọ ẹ́ńjìnnì wa, òkú di méjì."

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tan án, ọ́ìlì fọ́n sí wa láṣọ.
Òrùka rọ́bà kan ló kù tí a ò fi sí i,
ó wà nínú àpò ṣòkòtò Ọbáníyì, ọmọ iṣẹ́.
Ọ̀gá rẹ̀ ò pariwo. Ó na ọwọ́: "Mú un wá."

Ọjọ́ Ẹtì, àpò gàrí mọ́kànlá, ìyá arúgbó méjì.
Mo ń gun òkè, ojú mi ò kúrò lára iná náà.
Kò ṣẹ́jú. A kọjá igi igbá.
Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà gbá mi léjìká:
"Ọ̀kun o, awakọ̀! Kí ló dé tí o ò dúró?
Ibẹ̀ ni mo ti máa ń tọ̀."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó kùn. Láàárọ̀ kùtù,
ọ́ìlì ki bí ẹ̀kọ tó sùn, ẹ́ńjìnnì ń kérora.
Medáyédù rẹ́rìn-ín. Ó gé páálí bísíkíìtì,
ó fi bo ìdajì ojú rẹdíétọ̀ kékeré náà.
"Ìtutù náà ní òṣùwọ̀n. Bí oòrùn bá ti là, yọ ọ́."

Báyìí ni mo ṣe ń bò ó, tí mo sì ń ṣí i.
Bàbá ì bá bínú.
Páálí náà wà lábẹ́ àga rẹ̀,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ jákì,
níbi tó máa ń fi obì sí.