Etí Tí A So Mọ́ Igi

Kí ojú tó mọ́ débi tí a fi lè rí ìlà ọwọ́,
Bàbá Ràjí ti wà létí Ọ̀ṣun,
báírò lẹ́yìn etí, fìlà nínú àpò.
Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ bẹ́ẹ̀:
ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ igi kan,
kí á rin igba ẹsẹ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá lábẹ́ òmíràn.
Wọ́n á sọ, èmi á kọ.
"Àgbé, méjì. Àdàbà, mẹ́rin.
Àtíòro yẹn ń kọjá lọ ni, má kọ ọ́."
Ẹyẹ tó bá gbúròó ẹsẹ̀ wa, tó panu mọ́,
a ò rí i kọ.

Lọ́dún tó kọjá, òdo ni wọ́n ní kí n kọ síwájú olóńgo.
Òdo náà ni lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀.
"Olóńgo ti kó kúrò l'Óṣogbo," wọ́n ní,
"ilé tí wọ́n ń kọ́ ló lé e."
Mi ò jiyàn. Ilé pọ̀ lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n nílé wọn, bí fóònù bá dún,
ìyàwó wọn ló máa ń pè wọ́n sí i.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni Oyèbọ̀dé gbé ẹ̀rọ dé,
mẹ́sàn-án, kò ju agolo sàdíìnì lọ.
A fi wáyà dè wọ́n mọ́ ara igi.
Aago márùn-ún ìdájí, á jí, á fetí sílẹ̀,
á tún sùn.
Ẹ̀fọn kì í jẹ ẹ́. Kì í kí ẹni tó ń kọjá.
Ọ̀bọ já ìkẹfà, ó jù ú sódò.
Bàbá Ràjí bi ìkarùn-ún bí ẹni ń bi ọmọ ilé ìwé:
"Ṣé ìwọ á mọ ẹ̀lúlùú yàtọ̀ sí omi tó ń jáde lẹ́nu ìgò?"

Yàrá kan l'Ókè-Fíà la ti gbọ́ ọ,
lọ́jọ́ tí iná wà.
Ìpè ìrun ló kọ́kọ́ wọlé, láti òkèèrè,
ọ̀kadà,
òjò tó ń dín nǹkan lórí ike,
lẹ́yìn náà, ẹyẹ, ẹyẹ, ẹyẹ.
Wọ́n ní àdàbà mẹ́rin, mo ní mẹ́ta.
Nínú igbó, ibi tí wọ́n bá fi sí ni mò ń kọ sí.
Níhìn-ín, a dá a padà. A tún dá a padà.
Mẹ́ta ni.
Wọ́n rẹ́rìn-ín: ọ̀kan ń jowú, wọ́n ní, ló fi ń dún lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ karùn-ún gbé ẹsẹ̀ wa jáde,
ewé gbígbẹ, ikọ́ Bàbá,
ohùn tiwọn: "Olóńgo, òdo. Kọ òdo."
Oyèbọ̀dé ti yí ohùn di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà:
ọ̀rọ̀ Bàbá nísàlẹ̀, ó dúdú, ó fẹ̀;
lókè pátápátá, àmì tín-ín-tìn-ìn-tín
bí ojú abẹ́rẹ́ létí aṣọ.
"Kí nìyẹn?"
Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ń ta mí létí.
"Olóńgo ni, Bàbá. Wọ́n á tó mẹ́fà."
Wọ́n ní kí n gbé ohùn sókè. Mo gbé e dópin.
Ikọ́ ara wọn nìkan ni wọ́n gbọ́.

Wọ́n fi ìka tọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan,
láti ibi "Olóńgo" dé ibi "òdo".
"Lókè orí mi gan-an ni wọ́n wà."
Wọ́n yọ báírò lẹ́yìn etí, wọ́n nà án sí mi.
"Má pa òdo yẹn rẹ́. Kọ mẹ́fà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Kọ ọ́ pé òdo yẹn kì í ṣe ti ẹyẹ. Ti etí ni."

Fóònù wọn ti ń dún lórí tábìlì.
Èmi ni mo pè wọ́n sí i.