Epo Tó Kù Nínú Jẹnẹrétọ̀

Oṣù kìíní ní Kàdúná, ọyẹ́ mú
títí ètè mi fi là bí èèpo ẹ̀pà.
Málàmù Jíbò gbé àpótí kan ka iwájú mi,
ó ní: "Ìyáàfin, epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀
kò tó da ìwé méjì kọ. Ẹ mú ọ̀kan."

Obìnrin méjì. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti sùn.

Tabawa ará Sáríà, inú ògiri gíga ló ti kọ tirẹ̀,
èdè Hausa, lẹ́tà Lárúbáwá, tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà.
Wọ́n ní ìmọ̀ obìnrin kò gbọdọ̀ ré kọjá ẹnu ọ̀nà.
Kò bá wọn jà. Ó kàn béèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń fa ẹ̀gún yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ tó sùn:
"Ojú tí ẹ ní kí n fi mọ Ọlọ́run,
ṣé kí n pa á dé bí mo bá fẹ́ wò yín?"
Mo ka ìyẹn, orí mi wú.

Hawawu ará Pàkátà ní Ìlọrin kò mọ pẹ̀lẹ́ rárá.
Wọ́n mú ọmọbìnrin tó ń bá a pọn omi lọ tà ní Rábà.
Ó fi kálàmù gún ìwé, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.
Ó kọ orúkọ ẹni tó tà á. Ó kọ iye owó ẹyọ.
Ó kọ orúkọ àwọn tó rí i tí wọ́n dákẹ́:
bàbá rẹ̀ ló ṣáájú.
Àmọ́ ojú ìwé mẹ́ta gbáko ló fi bú orogún rẹ̀
nítorí ìkòkò ọbẹ̀ tó fọ́.
Mo rẹ́rìn-ín, ètè mi tún là.

Ta ni kí n mú?
Ọ̀rọ̀ Tabawa dùn, ó wọ egungun,
ṣùgbọ́n ta ló lọ tàdáà rẹ̀? Ta ló pọn omi?
Mo ṣí ewé, mo ṣí ewé, n kò rí orúkọ ẹrú kan.
Ti Hawawu rí wúruwùru,
Ẹfúnbọ̀ sì wà níbẹ̀, ìgbà méjìdínlógún,
bí ẹni ń pe ọmọ wálé lálẹ́.

Mo na ti Hawawu sí Málàmù. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Mo mú pẹ́ńsùlù, mo ń da ti Tabawa kọ fúnra mi
kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ewé tó gbẹ̀yìn, ikán ti jẹ etí rẹ̀.
Ìlà kan ló kù:
"Ọmọbìnrin tó lọ tàdáà yìí fún mi, orúkọ rẹ̀ ni"

Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.
Mo gbé ewé náà sókè síwájú fèrèsé.
Inú ihò ikán ni oòrùn gbà wá bá mi.