Abẹ́rẹ́ Òṣùwọ̀n

Òjò ń lu páànù kíláàsì wa ní Ìjerò
nígbà tí Tíṣà Fápohùndà kọ kábọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì sójú pátákó:
ọ̀kan wọn méjìlá, èkejì mẹ́rìnlá.
"Pírótọ́ọ̀nù mẹ́fà ló wà nínú méjèèjì.
Mẹ́fà yẹn lorúkọ wọn.
Niutírọ́ọ̀nù tó lé, ẹrù lásán ni.
Aisotóòpù nìyẹn."

Mo nawọ́.
"Àpò kòkó kan, àpò ẹ̀kùrọ́ kan,
tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n bá dúró síbì kan náà ńkọ́?"
Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ tíṣà.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àìsóbà! Ọmọ olóṣùwọ̀n!"
ó sì kọ náítírójìn mẹ́rìnlá
sẹ́gbẹ̀ẹ́ kábọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.
Ó ní kábọ́ọ̀nù yẹn kì í gbélé títí:
bó pẹ́ bó yá, niutírọ́ọ̀nù kan á di pírótọ́ọ̀nù,
mẹ́fà á di méje,
á pa orúkọ dà, abẹ́rẹ́ ò ní mì.
Ó ń ṣẹlẹ̀, ó ní, nínú èédú ìdí àdògán,
nínú egungun àwọn tí a ti sin.

N kò lè jẹun ọ̀sán.

Nírọ̀lẹ́ mo rò ó fún bàbá mi ní sítọ́ọ̀ kòkó.
Ó fìka nu eruku ojú òṣùwọ̀n,
ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
"Ìwọ̀n wọn dọ́gba, mo gbà.
Owó wọn ńkọ́?
Bi í léèrè lọ́la."