Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Orí Òṣíbàtà

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ya pẹ́pẹ́yẹ sójú pátákó,
ẹsẹ̀ rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ẹnu rẹ̀ bíi ṣíbí.
Mo ní, "Ẹ dà á kọ."
Kíláàsì kẹrin á dà á kọ,
pẹ́pẹ́yẹ á di eruku ṣọ́ọ̀kì lápá aṣọ mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì yìí, mo ní kí wọ́n pa ìwé dé.
Bọ́ọ̀sì kékeré méjì la háyà ní Mọ́kọ́lá,
awakọ̀ kan ń kùn pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe àpò ìrẹsì.
Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu géètì,
ó ń ka orí wa bí ẹni ń ka ẹyin:
"Tísà Ọmọ́tárá, mọ́kàndínlógójì ló ń lọ o.
Mọ́kàndínlógójì ni kó bọ̀."

Eléyẹlé.
Adágún tẹ́jú bí ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọwọ́ bọ̀.
Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ láti ilé:
*bí ibùgbé bá ti rí ni ara ń rí.*
Òógùn ti pa á rẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Àkèré ló kọ́kọ́ kí wa,
ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ sókè omi,
ìyókù ara wà nísàlẹ̀, ó ń ṣọ́ wa.
Ìyíọlá ní, "Ó ń sá pamọ́ bíi Bámigbádé
tẹ́ ẹ bá ń béèrè ìsọdipúpọ̀."
A bú sẹ́rìn-ín. Àkèré rì.

Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ kan dé,
ara rẹ̀ pọ́n bí obì, ọrùn rẹ̀ funfun,
ó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà
bí ẹni ń rìn ní pálọ̀ ilé rẹ̀.
Bámigbádé sọ òkò sórí ewé kan; ewé àti òkò jọ wọlé.
Mo ní, "Kí ló dé tí ẹyẹ ò rì?"
Wọ́n ní ó fúyẹ́.
Wọ́n ní ó ń fò díẹ̀díẹ̀, ojú wa ni kò rí i.
Ẹnì kan ní àdúrà ni.

Mutíátù wà lẹ́yìn pátápátá,
Mutíátù tó gba méjì nínú ogún ní sáà tó kọjá,
tí mo fi bírò pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀:
*kò fọkàn sí ẹ̀kọ́.*
Orí omi yìí ni bàbá rẹ̀ ti ń ju àwọ̀n.
Ó bọ́ bàtà, ó tẹ ẹrẹ̀, ó ya ìka ẹsẹ̀ gbàgàdà.
"Ẹ wo ìka rẹ̀, Tísà, ẹ wo bó ṣe gùn.
Kì í gbé gbogbo ara lé ojú kan.
Ewé yìí gbé díẹ̀, ìyẹn náà gbé díẹ̀.
Akọ ló sì ń sàba.
Tí òjò bá ṣú, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá,
ẹsẹ̀ wọn á máa fì nísàlẹ̀ bí òwú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Ó na ọwọ́ sí ọ̀gbun kan lápá òsì,
níbi tí omi ọṣẹ àwọn tó ń fọ mọ́tò ń gbà wọlé.
"Òṣíbàtà kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Ewé lọ, kòkòrò abẹ́ ewé lọ,
ẹja tó ń jẹ kòkòrò náà ò dúró.
Bàbá mi ta ọkọ̀ ojú omi kan.
Sáà yẹn ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ wá sílé ìwé."

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó kù mí ku ẹrẹ̀.

Mọ́kàndínlógójì la bọ̀, bàtà kan ló sọnù.
Ọ̀gá àgbà béèrè ìwé àwọn ọmọ: ó tutù, kò sóhun tó wà níbẹ̀.
Lálẹ́, mo ṣí rẹ́jísítà.
Bírò pupa kì í ṣeé parẹ́.
Mo ya ẹsẹ̀ ẹyẹ lé e lórí,
ìka mẹ́rin gbọọrọ,
wọ́n kọjá ìlà.